Ẹ̀bẹ̀ Lórí Ihò Tó Wà Lára Ògiri Ilé Wa

Ilé Alágbàfọ̀,
Ìdí Ògiri, Apá Inú,
Àdúgbò Àyàsọ́tọ̀.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá.

Sí Alága,
Ìgbìmọ̀ Alábòójútó Àdúgbò Àyàsọ́tọ̀,
Ilé Ìgbìmọ̀,
Apá Òde.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ WỌ́N MÁ ṢE DÍ IHÒ TÍ A FI Ń FÚN ÌYÁ WA LÓÚNJẸ

1. Alágbàfọ̀ ni mí, ìyàwó bíríkìlà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Gúnrégé nítorí pé ògiri rẹ̀ kì í wọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Bí ẹ bá kan ibi tí gbólóhùn mi ti yẹsẹ̀, ẹ bá mi gbé e dúró. Mi ò lọ bá àwọn akọ̀wé ìdí géètì pé kí wọ́n bá mi kọ ọ́, torí wọn a máa fi ẹkún tí oníbàárà wọn ò sun kún inú ìwé, wọn a sì gba owó ẹkún náà lọ́tọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

2. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wolé-wolé yín lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wa. Ìwé náà sọ pé ihò kan wà lára ògiri tó la ilé wa, pé ihò náà lòdì sí òfin ìyàsọ́tọ̀, pé kí ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i kí oṣù yìí tó parí. Bí kò bá dí i, ẹ ó gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ ó sì kó wa kúrò nídìí ògiri lọ sí àwọn yàrá àárín, níbi tí ìdílé mẹ́ta ti ń sùn sí yàrá kan. A kà á, ó yé wa. Mi ò kọ̀wé láti bá yín jà. Mo kọ ọ́ nítorí pé ìwé yín sọ bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe ga sílẹ̀ tó, ṣùgbọ́n kò sọ ẹni tó wà ní òdì kejì rẹ̀. Ìyá mi ni. Ihò yẹn la fi ń fún wọn lóúnjẹ.

3. Kí ògiri tó dé, ilé kan ṣoṣo ni. Yàrá iwájú kọjú sí òpópónà; ibẹ̀ la ti ń lọ aṣọ, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń wá gba tiwọn. Bẹ́ẹ̀dì ìyá mi wà ní igun yàrá náà, nítòsí fèrèsé, torí wọ́n fẹ́ràn láti máa gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ojú wọn ti ń ṣú, ṣùgbọ́n etí wọn mú. Wọ́n á sọ fún yín láti orí bẹ́ẹ̀dì pé bàtà ẹni tó ń lọ yẹn ti jẹ ní gìgísẹ̀. Lẹ́yìn yàrá iwájú ni yàrá méjì tí èmi àti ọkọ mi àti àwọn ọmọ ń gbé, lẹ́yìn ìyẹn ni àgbàlá tí a ti ń fọṣọ. Ilẹ̀kùn kan ló so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ń fa ààlà, ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n fà á gbà.

4. Ẹ ó fẹ́ mọ ìdí tí ìyá fi wà lóde tí ọmọ fi wà nínú. Èsì kan ṣoṣo tí ìyá mi fún akọ̀wé yín ló fà á. Nígbà tí ẹ rán àwọn akọ̀wé káàkiri láti mọ ẹni tí í ṣe ará àyàsọ́tọ̀ àti ẹni tí í ṣe ará òde, èyí tó wọ ilé wa, ọmọ tó mọ ọ̀wọ̀ ni, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ìyá mi, ó sì bi wọ́n ní ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, bí wọ́n bá bi obìnrin wa ní ọmọ ẹni tó jẹ́, kì í dárúkọ ọkọ. Bó ti wù kó pẹ́ nílé ọkọ tó, ilé bàbá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fẹnu bà, àfi èyí tí kò bá níran. Ìyá mi tún aṣọ ara wọn ṣe, wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n ní àwọn ni ọmọ ilé àwọn agbẹ́lẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé ẹjọ́ àtijọ́, àwọn tí ilẹ̀kùn wọn kì í dún. Wọ́n ka baba, wọ́n ka baba ńlá. Inú wọn dùn, torí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi wọ́n. A rò pé akọ̀wé náà ń kí wọn ni. Ilé àwọn agbẹ́lẹ̀kùn yìí, ará òde ni wọ́n. Akọ̀wé kọ ìyá mi sí òde, kò sì bi wọ́n ní ẹni tó fẹ́ wọn. Nígbà tó kàn mí, mo dárúkọ ilé bàbá mi bí ìyá mi ṣe kọ́ mi, ó kọ mí sí inú. Orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la jókòó sí.

5. Òfin wá jáde pé ará òde kò gbọdọ̀ sùn nínú, ará inú kò sì gbọdọ̀ sùn lóde. A gbéra láti lọ tún èsì náà ṣe. Ẹ̀ṣọ́ géètì ní kí a lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀. Ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ní kí a mú ẹlẹ́rìí wá, kó jẹ́ ará òde, kó jẹ́ ẹbí ìyá mi, kó wá búra pé wọ́n ti di tiwa. Ẹbí kan ṣoṣo tó kù fún wọn ni àbúrò wọn ọkùnrin. Àwa ò lè jáde lọ bá a, a ránṣẹ́ sí i. Èsì tó fi ránṣẹ́ padà ni pé òun ò ní ẹ̀gbọ́n obìnrin. Mi ò bínú sí i. Ẹni tó bá jẹ́rìí pé ẹ̀gbọ́n òun ti di ará àyàsọ́tọ̀, wọ́n lè yíjú sí òun náà kí wọ́n bi í ní ọmọ ẹni tó jẹ́. A padà sí ọ́fíìsì, a ní ẹlẹ́rìí kọ̀. Wọ́n ní kí a mú ìwé wá láti ọwọ́ ẹlẹ́rìí pé òun kọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà yẹn dópin sí.

6. Nígbà tó yá, Ìgbìmọ̀ wá bíríkìlà tí yóò dí àwọn ilẹ̀kùn ààlà. Ará inú ni ẹ gbà, torí ẹ ò ní sanwó ọkọ̀ fún un, owó iṣẹ́ rẹ̀ ò sì tó ti ará òde. Ọkọ mi gbà á, ó sì ní kí wọ́n fún òun ní ti ilé òun pẹ̀lú. Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ sí i títí. Wọ́n ní Gúnrégé fẹ́ fi okùn ìwọ̀n sin ìyá ìyàwó rẹ̀. Èmi tí mò ń bá a gbé ni mo mọ ìdí tó fi gbà á: bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì ló ṣe é, kò ní sí ẹni tí yóò máa bá ìyá mi sọ̀rọ̀ bí bíríkì ṣe ń gòkè. Lọ́jọ́ tó mọ ọ́n, ìyá mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lódì kejì, wọ́n sì ń darí rẹ̀. Wọ́n ní ìlà kẹta ti wọ́. Ẹni tí kò ríran ló ń sọ fún Gúnrégé pé ìlà rẹ̀ wọ́. Ọkọ mi dá wọn lóhùn pé kí àwọn agbẹ́lẹ̀kùn gbájú mọ́ ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n bá ara wọn jiyàn bẹ́ẹ̀ títí bíríkì fi ga ju orí wọn lọ. Lẹ́yìn náà, ohùn nìkan ló kù, ohùn náà sì wá ń dún bíi ti ẹni tó wà nínú ìkòkò.

7. Ní ti ihò náà gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ bíríkìlà ṣe rí. Bí ògiri bá ti ga ju àyà lọ, bíríkìlà á ki igi bọ inú rẹ̀, á tẹ́ pákó lé igi náà, orí pákó ni yóò dúró sí láti mọ ìyókù. Bó bá parí, á yọ igi, ihò igi á kù. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń rẹ́ ògiri ni wọ́n ń dí i, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ wo ara ilé èyíkéyìí tí wọn ò tíì rẹ́, ẹ ó rí irú rẹ̀. Ògiri tó la ilé wa, wọn ò tíì rẹ́ ẹ. Ìgbìmọ̀ ló ṣèlérí sìmẹ́ǹtì tí a ó fi rẹ́ ẹ, sìmẹ́ǹtì náà kò sì dé títí di òní. Nítorí náà, kí a sọ̀rọ̀ bí ọlọ́jà sí ọlọ́jà: ihò yìí kì í ṣe ihò tí a lu. Iṣẹ́ Ìgbìmọ̀ tí kò tíì parí ni. Bí ẹ bá sì bi mí bóyá ọkọ mi mọ̀ọ́mọ̀ ki igi rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ìyá mi lè nà dé, n ó sọ fún yín pé kì í bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

8. Ọwọ́ tèmi kì í wọ ihò náà kọjá ọrùn ọwọ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Nílé wa, ọmọ mi obìnrin tó kéré jù ló ń gun àpótí. Òun ni ọwọ́ rẹ̀ ń wọlé dé ìgbọ̀nwọ́, òun ló ń bọ́ ìyá àgbà. Àwo kì í kọjá. Ife tóóró kan ń kọjá bí a ò bá bù ú kún. Búrẹ́dì ń kọjá bí a bá là á ní gígùn. Omi ń kọjá nínú ìgò. Bó bá jẹ́ ẹ̀wà, ife lọ, ife bọ̀ ni, ìyá mi á sì ní èyí tó kẹ́yìn yìí kò níyọ̀ tó ti àkọ́kọ́, inú ìkòkò kan náà sì ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Aṣọ wọn ń kọjá, ìyẹn ò le fún mi, iṣẹ́ mi ni. Kò sí ihò tí aṣọ ò lè gbà bí èèyàn bá ti igun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo ń fà á wọlé ní ìdọ̀tí, mo ń tì í padà ní mímọ́, ó kàn ń rún lójú ọ̀nà ni. Wọ́n á ní àwọn bí alágbàfọ̀, àwọn sì ń wọ aṣọ rírún. Búláńkẹ́ẹ̀tì wọn ni kò kọjá, òtútù sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi abẹ́ là á sí méjì, wọ́n tì í sí mi ní ìdajì ìdajì, mo fọ̀ ọ́, mo tì í padà. Ojú wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè rán an pọ̀. Èmi lè rán an, ṣùgbọ́n bí mo bá rán an pọ̀ níhìn-ín, ihò ò ní gbà á. Ìdajì méjì ni wọ́n fi ń sùn, ọ̀kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan láyà.

9. Tẹ́lẹ̀, a ní ẹni tó ń ràn wá lọ́wọ́ lóde. Ìyàwó oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì òpópónà máa ń gbá yàrá fún ìyá mi, á dáná fún wọn, á bá wọn da ohun tó yẹ kó dà nù. Èmi náà ń bá a fọ ẹ̀wù iṣẹ́ ọkọ rẹ̀. Ihò yẹn náà ló ń gbà. Àwọn alábòójútó òpópónà wá kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá ń wọ ilé tí ògiri rẹ̀ kan tiwa, wọ́n á ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Obìnrin náà kò sá. Ó wá sọ fún ìyá mi lójúkojú pé òun ní ọmọ, ìsọ̀ yẹn ni wọ́n sì ń jẹ. Ìyá mi ní kó máa lọ ní àlàáfíà, pé ẹni tó yà wá dágbére kò ṣe ohun burúkú. Láti ìgbà náà, bó bá ń kọjá lábẹ́ fèrèsé, á wúkọ́, ìyá mi náà á wúkọ́ padà. Ìkíni wọn nìyẹn. Ọkọ mi ti na okùn láti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé kó tó mọ ògiri, okùn yẹn ni wọ́n ń dì mú lọ, òun náà ni wọ́n ń dì mú bọ̀. Yàtọ̀ sí okùn àti ihò, wọn ò ní ẹnikẹ́ni.

10. Mo gbọ́ pé wolé-wolé yín kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé ńṣe la fi ihò náà pamọ́. A ò fi nǹkan kan pamọ́. Ó wọ yàrá iwájú láti wò ó bóyá yàrá náà ṣeé fi fún ẹlòmíì, ó bá ìyá mi tí wọ́n ń mu ọbẹ̀ tó ń rú èéfín. Kò sí iná nínú yàrá, kò sí ìkòkò, kò sí èédú. Ó bi wọ́n níbi tí ọbẹ̀ ti wá. Wọ́n ní láti ara ògiri. Ó rò pé arán ló ń ṣe wọ́n, ó fi sùúrù tún un bi, wọ́n sì fi sùúrù tún dá a lóhùn. Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí ọwọ́ ọmọ mi fi yọ jáde lára ògiri pẹ̀lú búrẹ́dì. Wolé-wolé fò sẹ́yìn, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìyá mi ní kó má bẹ̀rù, ọmọ ọmọ àwọn ni, kì í jẹ èèyàn. Ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ kì í sọ̀rọ̀ báyẹn.

11. Ìdí méjì ni ìwé yín sọ. Àkọ́kọ́ ni pé èémí ará inú lè gba ihò náà kó àrùn jáde. Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Aṣọ ará òde ṣì ń gba géètì wọlé tọ̀ mí wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nínú àpò tí òǹtẹ̀ Ìgbìmọ̀ wà lára rẹ̀. Aṣọ àwọn ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, ẹ̀wù funfun tí ẹ̀yin Alága ń wọ̀ lọ sí ìpàdé wà níbẹ̀; èmi ni mò ń mú kí kọ́là rẹ̀ le, èmi ni mo fi bọ́tìnì míì rọ́pò èyí tó já. Gbogbo wọn pátá, ẹnu mi ni mo fi ń tu omi sí wọn lára kí áyọ́ọ̀nù tó kàn wọ́n, bí gbogbo alágbàfọ̀ ṣe ń ṣe. Mi ò mọ bí èémí kan náà ṣe ń di àrùn bó bá lọ sọ́dọ̀ ìyá mi, tí kì í sì í ṣe àrùn bó bá wà lọ́rùn ẹ̀wù. Ìdí kejì ni pé wọ́n lè gba ibẹ̀ kó ọjà. Mo gbà pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ kan wá ki ọwọ́ ara rẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo ti ro ó bí oníṣòwò, mi ò rí ọjà tí yóò gba ibẹ̀ tí yóò mú èrè wá.

12. Síbẹ̀, bí ọkàn yín ò bá balẹ̀, a ṣe tán láti gba ìjánu. Ọkọ mi lè kan ìdérí onígi sí ẹnu ihò, kí a fi àgádágodo tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́. Kí ẹ̀ṣọ́ máa ṣí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó dúró tì wá, kó wo inú ife. Kó tọ́ ọ wò bó bá fẹ́, yóò tún bá wa yanjú ọ̀rọ̀ iyọ̀. Èmi ni n ó ra àgádágodo. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ pé ká má máa sọ̀rọ̀ gba ibẹ̀ ni, a ó dákẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ mi yìí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sùn láìjẹ́ pé ìyá àgbà kọrin gba ihò fún un.

13. Mo ti ránṣẹ́ sí ibòmíì kí n tó wá yọ yín lẹ́nu. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní òde ní àwọn kì í gba ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà láàyè. Mo dá wọn lóhùn pé ọmọ náà wà láàyè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ògiri wà láàárín. Wọ́n ní òfin àwọn ò mẹ́nu ba ògiri. Ilé ìwòsàn ní ìyá mi ò ṣàìsàn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ebi kì í ṣe àìsàn, títí di ọjọ́ tó bá di àìsàn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò jù mí lọ, ẹ bá mi wò ó: bí a bá dí ihò, ẹ ó yan ẹni tí yóò máa gbé oúnjẹ fún wọn, ẹ ó sanwó fún un, ẹ ó ra ìkòkò, ẹ ó ra èédú. Bí ẹ ò bá yan ẹnikẹ́ni, àwọn agbókùú ni ẹ ó sanwó fún. Èyí tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ni pé kí ihò wà bó ṣe wà.

14. Ọkọ mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí ìwé yín ti dé, ó kàn ń fi ọwọ́ pa ògiri náà lára kiri ni, bí ẹni tó ń wá ibi tó ń dun aláìsàn. Ohun kan ṣoṣo tó sọ, ó ní kí n kọ ọ́ síhìn-ín: “Bí mo bá dí i, èmi ni mo sin ìyá ìyàwó mi láàyè. Bí mi ò bá dí i, wọ́n á kó wa lọ, ẹlòmíì á sì dí i.” Mo ti yí ọ̀rọ̀ náà síwá, mo ti yí i sẹ́yìn, mi ò rí ibi tí mo lè gbá mú.

15. Mo sọ fún ìyá mi pé mò ń kọ̀wé sí yín, pé mo fẹ́ bẹ̀ yín. Wọ́n fi ẹnu súnmọ́ ihò, wọ́n ní: “Sọ fún wọn pé mi ò bẹ ẹnikẹ́ni kó jẹ́ kí n wọlé rẹ̀. Ilé mi ni mo wà. Ilẹ̀kùn mi ni mò ń béèrè.” Mo ní a kì í kọ irú ìyẹn sí àwọn ọ̀gá. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àbí kí ni àwọn tìtorí rẹ̀ rán mi lọ sí ilé ìwé? Mo kọ ọ́. Ẹ forí jì wá, àgbà ni.

16. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Bí ẹni tó ń nájà ni n ó ṣe é: n ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kí ẹ bá mi dúró níbi tí àánú yín bá lè dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyá mi sí inú. Wọn ò ní gba àyè kankan, orí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ ni wọ́n á sùn. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ kọ èmi nìkan sí òde, kí ọkọ mi àti àwọn ọmọ wà nínú. Mo ti bá wọn sọ ọ́. Wọ́n sunkún, wọ́n sì gbà. Bí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, ẹ fi ihò sílẹ̀ fún wa. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò lè fọwọ́ sí ìwé pé ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ kàn jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa sọnù sáàárín àwọn ọ̀rọ̀ yòókù tó wà níwájú yín. A ò ní wá béèrè rẹ̀.

17. Bí èyí náà bá ṣì pọ̀ jù lójú yín, àkókò díẹ̀ ni mo wá ń tọrọ, kò sì jọ pé yóò pẹ́. Tẹ́lẹ̀, ìyá mi á ti nawọ́ kí ọmọ tó pè. Nísinsìnyí, ọmọ á pè, á tún pè, ife á sì pẹ́ kó tó padà. Àná, ó padà pẹ̀lú ọbẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ dára, àwọn ti yó ni. Ọkọ mi ti gé bíríkì tó bá ihò náà mu. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ló wà, àwọn ọmọ ò mọ̀. Kò ní ná yín ní ohunkóhun. Ọjọ́ tí ọmọ bá na ife tí kò sí ọwọ́ tó gbà á, èmi fúnra mi ni n ó sáré wá sọ fún ẹ̀ṣọ́ ní géètì, kí ẹnì kan lè gba òde wọlé tọ̀ wọ́n, torí àwa ò ní lè dé ibẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ mi á dí i. Ẹ ò ní tún rán wolé-wolé.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tó ń retí èsì kí oṣù tó parí,

Alágbàfọ̀, Ìyàwó Gúnrégé Bíríkìlà,
ọmọ obìnrin tó wà ní yàrá iwájú.